Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Tó Ti Dákẹ́: Bí A Ṣe Ń Jí I Dìde

Ohun tí mo fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ fún yín ní ọ̀tẹ̀ yìí ni iṣẹ́ ọwọ́ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí ìmọ̀ rárá, èyíinì ni títún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ ṣe. Àwọn kan ń fi í jẹun, àwọn mìíràn sì ń ṣe é ní iṣẹ́ àfipawọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Èmi wà lára àwọn ti ìkejì.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Ní ẹ̀yìnkùlé bàbá mi níhìn-ín ní Ìjù-Odò, ẹ́ńjìnnì Johnson kékeré kan wà tí a fi páànù bò. Nígbà tí bàbá wà láyé, wọ́n máa ń gbé e lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá, wọn yóò so ó mọ́ ìdí ọkọ̀, wọn yóò sì wọ inú ilẹ̀ Ìlàjẹ lọ ra ẹja. Nígbà tí ó yá, ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìgbé ọkọ̀ lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, orí omi ni bàbá sùn mọ́jú, tí gbogbo ilé kò sì fojú kan oorun. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti pa á tì. Lẹ́yìn ikú wọn, ọkùnrin kan tí ó ń ra irin àlòkù dé, ó gbé e sórí ìwọ̀n, ó sì dá owó tí kò lè ra ìrẹsì kóńgò mẹ́rin lé e. Ìyá wa ti fẹ́ gbà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́ta. Bí kò bá dún, èmi fúnra mi ni n ó gbé e tọ ọlọ́jà irin lọ. Oṣù mẹ́ta náà ni ó kọ́ mi ní púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ó kà yìí.

ÌTÀN RẸ̀ NÍ ṢÓKÍ

Kí ẹ́ńjìnnì tó dé, àjẹ̀ àti ọ̀pá ni àwọn baba wa fi ń tukọ̀ lórí odò Olúwa àti lórí ọ̀sà ilẹ̀ Ìlàjẹ àti Arógbò. Ẹ́ńjìnnì tí a ń sọ yìí kì í gbé inú ọkọ̀. Ìdí ọkọ̀ ni a ń dè é mọ́ níta. Orí rẹ̀ wà lókè, pùròpélà rẹ̀ wà nísàlẹ̀ omi. Bí a bá gúnlẹ̀, a lè tú èyí tí ó kéré nínú wọn, kí á gbé e lé èjìká wá sílé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbìyànjú irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ ọ́ di ọjà tí ayé mọ̀ ni Ole Evinrude, tí a bí ní ilẹ̀ Norway ní ọdún 1877, tí àwọn òbí rẹ̀ sì kó lọ sí Amẹ́ríkà ní kékeré. Ní ìlú Milwaukee ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Bess, ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1909. Ẹ́ńjìnnì wọn àkọ́kọ́ ní agbára ẹṣin kan àbọ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 62, iye owó rẹ̀ náà sì jẹ́ dọ́là 62. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọmọ ìyá kan tí ń jẹ́ Johnson bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ìpínlẹ̀ Indiana. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tí ń jẹ́ British Seagull ní 1931, ó sì di ohun tí a mọ̀ ká àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà. Ní 1960 ni Yamaha ilẹ̀ Japan gbé tirẹ̀ jáde, òun sì ni ojú wa mọ́ jù lórí omi wa lónìí.

Nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí, díẹ̀ ni ó kù. Wọn kò ṣe Seagull mọ́ láti 1996. Johnson náà ti kúrò lọ́jà. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ tí ó ni orúkọ Evinrude kéde pé òun kò ní ṣe é mọ́. Ìtumọ̀ èyí ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan tí a bá fọ́ tà ní irin, kò sí ibi tí òmíràn yóò ti jáde. Nítorí náà ni àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1965, tí wọ́n ń pè ní Antique Outboard Motor Club, tí wọ́n ń wá àwọn àtijọ́ jáde, tí wọ́n ń tún wọn ṣe, tí wọ́n sì ń kọ́ ara wọn ní ìmọ̀ rẹ̀. Àwa náà kì í ṣe àjèjì sí irú ìmọ̀ báyìí. Àwọn ará Ayétòrò, tí wọ́n tẹ ìlú wọn dó sí etí òkun Ìlàjẹ ní 1947, fi ọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́.

OHUN MẸ́RIN TÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ Ń BÉÈRÈ

Púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yìí jẹ́ tuu-sítróòkù. Nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan ni iná ń ṣẹ́ nínú rẹ̀, nígbà tí èyí tí ń jẹ́ fọ́ọ̀-sítróòkù ní láti yí lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Kò ní ilé ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Inú pẹtiróòlù ni a ń po ọ́ìlì rẹ̀ mọ́, tí méjèèjì jọ ń jó.

Ohun mẹ́rin péré ni ẹ́ńjìnnì yìí ń béèrè. Èkíní ni epo àti afẹ́fẹ́ tí ó wọ̀n dọ́gba. Èkejì ni iná púlọ́ọ̀gì tí ó ṣẹ́ ní àkókò rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí písìtìn lè fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ dáadáa. Ẹ̀kẹrin ni omi tí yóò máa tù ú kí ó má baà gbóná jù. Ẹni tí ó bá di mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí mú kò ní máa tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ láìnídìí. Yóò bi í léèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi rí èyí tí ó sọnù.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Ní àkọ́kọ́ ná, má ṣe kánjú fa okùn ẹ́ńjìnnì tí ó ti pẹ́ nílẹ̀. Písìtìn lè ti lẹ̀ mọ́ inú ilé rẹ̀ nítorí ìpẹtà. Tú púlọ́ọ̀gì, da ọ́ìlì tí kò ki díẹ̀ sínú ihò rẹ̀, kí o sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ yí irin roboto tí ó wà lórí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí kò bá yí, tún da ọ́ìlì sí i. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fi agbára mú ní í le koko.

Lẹ́yìn èyí, wo iná. Lábẹ́ irin roboto yẹn ni kọ́ìlì àti kọ́ńtáàtì wà nínú àwọn àtijọ́. Kọ́ńtáàtì a máa dípẹtà, iná kò sì ní kọjá. Fi pépà kíkanra tí ó rọ̀ nù ún, kí o sì wo àlàfo rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, kò ju nǹkan bí ìlàjì milimítà lọ. Láti mọ̀ bóyá iná ti dé, fi púlọ́ọ̀gì sínú wáyà rẹ̀, jẹ́ kí ara irin rẹ̀ fara kan ara ẹ́ńjìnnì, kí o sì fa okùn. Ó yẹ kí o rí iná aláwọ̀ búlúù tí ó ń ta. Rí i dájú pé kò sí epo nítòsí.

Ìgbà náà ni ó kan kábúrétọ̀. Pẹtiróòlù tí ó bá pẹ́ nínú rẹ̀ a máa di bí oje igi, a sì dí àwọn ihò tín-ín-rín. Tú u, fọ̀ ọ́, kí o sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àwọn ihò náà. Má ṣe fi wáyà gún wọn, nítorí bí ihò bá fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, epo àti afẹ́fẹ́ kò ní wọ̀n dọ́gba mọ́.

Ẹ̀yìn èyí ni ìsàlẹ̀. Tú ṣíkúrúù ibi tí gíà wà, kí o sì wo ọ́ìlì tí yóò jáde. Bí ó bá funfun bí omi ògì, omi ti wọlé nìyẹn, síìlì rẹ̀ ti jẹ. Wo róbà tí ó ń fa omi sókè pẹ̀lú. Bí apá rẹ̀ bá ti gan tàbí tí ó ti ya, pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí róbà yìí, a kì í tan ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Inú dúrọ́ọ̀mù tí ó kún fún omi ni kí o ti dán an wò. Bí o bá sì lò ó nínú omi iyọ̀, fi omi tútù tí kò níyọ̀ ṣàn án lẹ́yìn ìlò.

Ní ti epo, ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń pa ẹ́ńjìnnì wọn. Àwọn tí ó pẹ́ jù lè béèrè ọ́ìlì kan sí pẹtiróòlù mẹ́wàá; àwọn tí ó tẹ̀lé wọn, kan sí 25; àwọn ti ẹ̀yìn ìgbà náà, kan sí 50. Nínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25, èyí jẹ́ lítà méjì àbọ̀, lítà kan, àti ìlàjì lítà. Wá ohun tí àwọn tí ó ṣe é kọ, kí o sì tẹ̀lé e. Bí ọ́ìlì bá kéré jù, písìtìn yóò há. Bí ó bá pọ̀ jù, èéfín yóò bolẹ̀, púlọ́ọ̀gì yóò sì dọ̀tí.

ÌṢÓ KAN ṢOṢO

Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì bàbá, ọ́ìlì gíà ti funfun. Mo yọ pùròpélà, mo sì rí ohun tí ó jẹ́ kí ara mi bù máṣọ. Nínú irú ẹ́ńjìnnì yẹn, píìnì kékeré kan ni ó so pùròpélà mọ́ ọ̀pá tí ń yí i. Irin tí ó rọ̀ ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣe é, kí ó lè jẹ́ pé bí pùròpélà bá kọlu igi tàbí òkúta, píìnì ni yóò ṣẹ́, tí gíà yóò sì wà láìfarapa. Owó kékeré ni a fi ń ra òmíràn. Ìṣó líle ni mo bá nínú ihò píìnì yẹn. Ẹni tí ó tún un ṣe kẹ́yìn rò pé òun ti ṣe é kí ó má lè ṣẹ́ mọ́. Lóòótọ́, ìṣó náà kò ṣẹ́. Eyín gíà ni ó ká.

Ẹ̀yin ará mi, ìṣó yẹn ni ó mú kí bàbá sun orí omi. Gbogbo wa ti ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ti darúgbó ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ogbó ṣe é. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun tí a bá ṣe kí ó lè ṣẹ́ ní ìrọ̀rùn, ó nídìí. Kí ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ béèrè kí ó tó fi èyí tí ó le rọ́pò rẹ̀.

ÌKÌLỌ̀

Ìfẹ́ ohun àtijọ́ kò gbọdọ̀ sọ wá di aláìbìkítà. Púpọ̀ nínú wọn kò ní okùn ìpanápaná tí a ń so mọ́ ọwọ́ atukọ̀, èyí tí ń pa ẹ́ńjìnnì bí ó bá ṣubú sínú omi. Àwọn mìíràn kò ní ìdúró lójú kan. Bí wọ́n bá ti dún ni ọkọ̀ ti ń lọ. Nítorí náà, má ṣe fi wọ́n kó èrò. Wọ jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó bí odò náà kò tilẹ̀ jìn, kí o sì gbé àjẹ̀ dání nígbà gbogbo. Má ṣe tan ẹ́ńjìnnì nínú yàrá tí a tì, nítorí èéfín rẹ̀ a máa pani láìní òórùn tí ó le.

Bákan náà, àwọn ẹ́ńjìnnì yìí a máa da apá kan epo wọn sínú omi láìjó. Ìdí nìyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣe òfin lórí wọn ní 1996. Odò tí a ti ń pọnmi, tí a sì ti ń pẹja, kò yẹ kí á fi í ṣe ibi ìdálẹ̀ ọ́ìlì gíà. Rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí o sì gbé e fún àwọn tí ń gba ọ́ìlì àlòkù.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Gíà tí mo lò, inú òkú ẹ́ńjìnnì mìíràn tí mo rà ní Ìgbọ́kọ̀dá ni mo ti yọ ọ́. Ọmọ kéú wa méjì ni ó ń bá mi mú iná lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn kì í lè jókòó ti wàláà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ó jókòó ti kábúrétọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìgbà tí wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbù, òun ni ó sì rí ihò kan tí èmi kò rí. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti pe ọmọ kankan ní olórí líle mọ́. Mo máa ń wá ohun tí ó lè jókòó tì.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí oṣù mẹ́ta pé, ẹ́ńjìnnì náà dún nínú dúrọ́ọ̀mù, omi sì ń ta jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá wa jáde láti inú ilé ìdáná, wọ́n dúró, wọ́n sì ní, "Ohùn rẹ̀ nìyẹn." Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí a bá ṣírò owó tí mo ná, ó ju èyí tí ọlọ́jà irin fẹ́ san lọ, n kò sì ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì ti mọ ìdí tí a kì í fi ìṣó rọ́pò píìnì, bóyá ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí baba ẹlòmíràn sun orí omi.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó ta ohun àtijọ́ tí ó wà lẹ́yìnkùlé yín, ẹ pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kí ó wò ó. Ẹ sì jẹ́ kí ọmọ yín wà níbẹ̀ nígbà tí ó bá ń tú u. Kí Allāh fi ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní ta wá lọ́rẹ, kí ó sì máa ṣọ́ gbogbo àwọn tí ń rìnrìn-àjò lórí omi. Àmín.