Ìrìn-àjò òfuurufú oníṣẹ́jú méjì

Westray àti Papa Westray jẹ́ erékùṣù méjì ní Orkney, lápá àríwá Scotland. Kìlómítà 2,7 péré ló wà láàárín pápákọ̀ òfuurufú wọn. Bí bààlúù bá ń sá 240 km ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló yẹ kó lò. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbéra, kó tún rọra balẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń lò tó ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Nígbà kan tí atẹ́gùn tì í lẹ́yìn, ìṣẹ́jú-àáyá 53 ló lò.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe eré o! Òkun ló wà láàárín. Olùkọ́, dókítà àti aláìsàn wà lára àwọn tó ń wọ̀ ọ́. Bí kùrukùrù bá bolẹ̀, ìṣẹ́jú méjì yẹn lè di odidi ọjọ́ kan.