Ẹ̀sùn Ọ̀rọ̀-Òdì, Táyà àti Iná

Ọ̀rọ̀-òdì ni kí ènìyàn fi ẹnu tàbí ìwà tàbùkù Ọlọ́run, Ànábì tàbí ìwé mímọ́. Ẹ̀sùn náà ti pẹ́ láyé. Òun ni wọ́n fi kan Stéfánù nínú Bíbélì kí wọ́n tó sọ ọ́ lókùúta pa. Ní Port Harcourt, bíi ti yòókù ní gúúsù Nàìjíríà, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ni òfin ìwà ọ̀daràn là sílẹ̀, ní abala 204, fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ tàbùkù ẹ̀sìn ẹlòmíràn. Ti àríwá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2020, ilé ẹjọ́ Ṣàríà ní Kánò dájọ́ ikú fún olórin Yahaya Sharif-Aminu nítorí orin tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ gíga ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́, torí pé kò ní lọ́yà.

Àwọn èrò kì í tún ẹjọ́ gbọ́. Ní Oṣù Kẹta 2007, olùkọ́ obìnrin kan, ọmọ Yorùbá, ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣèdánwò ní Gandu, ìpínlẹ̀ Gombe. Ó gba báàgì lọ́wọ́ wọn kí wọ́n má baà jíwèé wò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kùránì wà nínú tòun. Wọ́n lù ú pa. Ní ọjọ́ 12 Oṣù Karùn-ún 2022, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Shehu Shagari ní Sókótó, ó kan akẹ́kọ̀ọ́ kan, Deborah Samuel. Ó ti fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp kíláàsì wọn pé iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Wọ́n fà á yọ níbi tí wọ́n fi í pamọ́ sí, wọ́n sọ ọ́ lókùúta, wọ́n dáná sun ún.

Port Harcourt náà mọ irú ikú yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀sìn kọ́ ló fà á. Ní ọjọ́ 5 Oṣù Kẹwàá 2012, ní Omuokiri-Aluu, nítòsí Yunifásítì Port Harcourt, wọ́n pariwo olè lé akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lórí. Wọ́n bọ́ wọn sí ìhòòhò, wọ́n wọ́ wọn kiri, wọ́n fi táyà àti iná parí rẹ̀. Fóònù sì ń ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ariwo kan náà ni, iná kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n pè ní olè, ẹnì kan ṣì lè béèrè ohun tó jí. Ọ̀rọ̀-òdì kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá tún un sọ láti fi jẹ́rìí, òun náà ti wọ gàù, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú èrò kì í mọ ohun tí olóògbé sọ gan-an. Apànìyàn ibẹ̀ sì tún gbà pé ìjọsìn ni òun ń ṣe.

Ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Rivers dájọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ọ̀ràn Aluu ní Oṣù Keje 2017. Ọlọ́pàá wà nínú wọn. Ní Sókótó, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní wọ́n dìtẹ̀, wọ́n sì dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Ẹ̀sùn ìpànìyàn kò sí níbẹ̀. Lọ́dún 2023, ilé ẹjọ́ tú wọn sílẹ̀, torí pé olùpẹjọ́ ìjọba kò yọjú.