Orúkọ wo ni ó yẹ owó kòkó?

Ní 1947 ni ìjọba amúnisìn dá Ìgbìmọ̀ Títa Kòkó sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1954 ni iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹkùn. Ìgbìmọ̀ a ra kòkó ní iye tí òun fúnra rẹ̀ là sílẹ̀, a sì tà á sí òkè òkun. Bí ògbufọ̀ bá pe ohun tó lé lórí ní 'èrè', ó ṣìnà: ẹni tó dókòwò ló ń jèrè. 'Àjẹṣẹ́kù' ńkọ́? Àgbẹ̀ kò kúkú jẹ nínú rẹ̀. Owó tí wọ́n ní àwọn ń tọ́jú de ọdún tí ọjà bá wálẹ̀ ni ìjọba fi ṣe iṣẹ́ ìlú. 'Àyọkúrò' ló bá a mu jù, nítorí ó fi ẹni tí a yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ hàn. Ní 1986 ni ìjọba fòpin sí ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀.