Ohùn Ẹ̀rọ àti Ohùn Èdè nínú Orin Agbègbè Yewa

Kí ohùn ènìyàn dún bí èyí tí kì í ṣe ti ènìyàn kì í ṣe ohun titun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ohùn inú ọ̀fun ni egúngún fi ń sọ̀rọ̀, kí ó lè hàn pé ará ọ̀run ni. Ohun tí ó jẹ́ titun ni pé kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún olórin òde òní.

Auto-Tune ni ó gbajúmọ̀ jù nínú irinṣẹ́ wọ̀nyí. Andy Hildebrand, ẹni tí ó ti lo ìmọ̀ ìgbì ìró láti wá epo rọ̀bì rí, ni ó ṣe é jáde ní ọdún 1997. Orin Cher tí a pè ní 'Believe' (1998) ni ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ẹ̀rọ náà máa ń ṣírò iye ìgbà tí tán-án-ná ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò sì fa ohùn náà lọ sí nóòtì tí ó súnmọ́ ọn jù nínú àwọn tí a yàn fún un. Bí ó bá rọra fà á, etí lè má fura. Bí ó bá fà á lójijì, ohùn yóò máa fò láti nóòtì dé nóòtì bí ẹni ń gun àkàsọ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan èdè Yorùbá. Nínú 'ìlú', ohùn òkè a máa yọ́ ròkè. Nínú 'rárà', ohùn ìsàlẹ̀ a máa yọ́ rodò. Ìyọ́ yìí ni ẹ̀rọ ń gé kúrò. Bí nóòtì tí a yàn bá jìnnà sí ara wọn, ohùn àárín àti ohùn òkè lè bọ́ sórí ẹyọ kan, kí 'ọkọ́' tí a fi ń roko sì di 'ọkọ' ìyàwó. Irú ìṣòro yìí ti wáyé rí nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì.

Ní agbègbè Yewa, ọ̀rọ̀ ni ẹ̀mí orin. Orin ẹ̀fẹ̀ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àṣà tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún ìran ènìyàn, ni a fi ń bá oníwàkiwà wí. Bí ohùn ọ̀rọ̀ bá yí padà, ìbáwí di asán.

Èyí kò sọ pé kí a kọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Bí olórin bá yan gbogbo nóòtì 12, tí ó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ rọra ṣiṣẹ́, ìtumọ̀ yóò dúró. Ó lè fi ohùn fífò sí ibi tí kò sí ọ̀rọ̀. Olùkọ́ pàápàá lè gba 'ọkọ', 'ọkọ́' àti 'ọkọ̀' sílẹ̀, kí ó gbé wọn gba inú ẹ̀rọ náà kọjá, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi etí ara wọn gbọ́ iṣẹ́ tí ohùn ń ṣe nínú èdè.