Ohun tó ń mú ọkọ̀ òkun dúró, àti ohun tó ń dojú rẹ̀ dé

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1628, wọ́n ta ìgbòkun ọkọ̀ ogun kan tó ń jẹ́ Vasa ní èbúté Stockholm, lórílẹ̀-èdè Swídìn. Ọkọ̀ tuntun ni. Wọ́n fi ère gbígbẹ́ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n sì to ìbọn ńláńlá 64 sínú rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lórí àjà méjì tó gun ara wọn. Kò tíì rìn ju nǹkan bíi mítà 1,300 lọ tí atẹ́gùn fi lu ìgbòkun rẹ̀. Ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi gba ojú ihò ìbọn wọlé, ó sì rì lójú àwọn ará ìlú tó jáde wá wò ó. Kì í ṣe ọ̀tá ló rì í, kò sì sí ìjì lójú omi lọ́jọ́ náà. Ìwúwo òkè rẹ̀ ló pọ̀ ju ohun tí ìdí rẹ̀ lè gbé dúró.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé wọ́n ti dán ọkọ̀ yìí wò kó tó gbéra. Ọgbọ̀n atukọ̀ sáré láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ọkọ̀ sì fì débi pé wọ́n ní kí wọ́n dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta. Wọ́n rí i, wọ́n sì jẹ́ kó lọ.

Ká tó mọ ìdí tí ọkọ̀ fi ń dojú dé, ó yẹ ká mọ ohun tó ń mú irin léfòó. Mítà kúbíìkì irin kan wúwo tó kílógíráàmù 7,850. Ti omi òkun kò ju nǹkan bíi 1,025 lọ. Odindi irin yóò rì, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í ṣe odindi irin, inú rẹ̀ ṣófo. Bó ṣe ń wọnú omi ló ń ti omi kúrò nípò, omi náà sì ń ti òun padà sókè pẹ̀lú agbára tó dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo omi tó kúrò. Archimedes ará Siracusa ló ṣàlàyé èyí, ó ti lé ní 2,200 ọdún. Bí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ bá wúwo tó tọ́ọ̀nù 30,000, yóò máa wọlé sódò títí yóò fi ti tọ́ọ̀nù omi 30,000 kúrò, á sì dúró síbẹ̀.

Lóde òní, wọn kì í kan ọkọ̀ ńlá láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí ẹni ń mọ ilé. Wọ́n máa ń gé irin pẹlẹbẹ, wọ́n á jó o pọ̀ ní ègé ńláńlá, kéréènì á sì gbé àwọn ègé náà jọ. Orílẹ̀-èdè Ṣáínà, Gúúsù Kòríà àti Japan ló ń kan èyí tó pọ̀ jù láyé. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ máa ń ní awẹ́ méjì, kí omi má bàa wọlé tààrà bí awẹ́ ìta bá lu. Ògiri irin tún pín inú rẹ̀ sí yàrá yàrá. Ọkọ̀ Titanic tó rì lọ́dún 1912 ní irú ògiri bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọn kò ga tó. Omi kún yàrá kan, ó ṣàn gba òkè ògiri bọ́ sí èkejì.

Kí ọkọ̀ léfòó lọ́tọ̀, kó dúró ṣinṣin lọ́tọ̀. Ojú kan wà nínú ọkọ̀ tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ ti ń fà sísàlẹ̀. Ojú mìíràn wà tí omi ti ń tì í sókè. Bí ọkọ̀ bá dúró gérégé, ojú méjèèjì wà lórí ìlà kan. Bí ìgbì bá tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, apá ọ̀tún á wọnú omi ju tòsì lọ, ibi tí omi ti ń tì í á sún sọ́tùn-ún pẹ̀lú. Ìwúwo ń fà á sísàlẹ̀ láàárín, omi ń tì í sókè lọ́tùn-ún, àwọn méjèèjì á sì dá a nàró. Ṣùgbọ́n bí ẹrù òkè bá pọ̀, ojú ìwúwo á gòkè. Nígbà tí ọkọ̀ bá tẹ̀, òun náà á sún sọ́tùn-ún, ó sì lè kọjá ibi tí omi ti ń tì. Agbára tó yẹ kó gbé ọkọ̀ dìde ni yóò wá máa yí i dànù. Ìdí nìyí tí atukọ̀ tó ń gbé èrò láti Ìkòròdú lọ sí Èkó fi máa ń kígbe mọ́ ẹni tó bá dìde dúró. Ìwúwo èrò náà kò lé sí i, ibi tó wà ló gòkè.

Bí wọ́n bá sì kó gbogbo ẹrù tó wúwo sí ìdí ọkọ̀ nìkan, ọkọ̀ á máa já dìde wìtìwìtì, á sì máa já okùn ẹrù.

Ọkọ̀ tí kò gbé ẹrù tó máa ń fa omi òkun sínú àwọn tàǹkì ìsàlẹ̀ kí ìdí rẹ̀ lè wúwo. Ibẹ̀ gan-an ni ìjàǹbá ọkọ̀ èrò Sewol ti Gúúsù Kòríà ti bẹ̀rẹ̀. Japan ni wọ́n ti kan ọkọ̀ náà lọ́dún 1994. Nígbà tó dé Kòríà, wọ́n fi yàrá èrò kún òkè rẹ̀. Nítorí èyí, àwọn olùyẹ̀wò ní kó dín ẹrù kù, kó sì fi omi kún ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2014, ẹrù tó gbé ju ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n fún un láyè lọ, omi ìdí rẹ̀ kò tó, wọn kò sì so ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti kọ̀ǹtẹ́nà inú rẹ̀ dáadáa. Ó yà sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ sósì, ẹrù yọ̀ lọ sósì, kò sì lè dìde mọ́. Èèyàn 304 ló kú nínú 476 tó wà nínú rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé girama kan ní Ansan ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Omi inú tàǹkì fúnra rẹ̀ lè di ọ̀tá. Bí tàǹkì bá kún dẹ́nu, omi kò ní ibi tó máa sún sí. Bó bá dé ìdajì, gbogbo rẹ̀ á ṣàn lọ sí apá tí ọkọ̀ tẹ̀ sí. Bí wọ́n bá fi ògiri kan pín tàǹkì fífẹ̀ sí méjì ọgbọọgba ní gígùn ọkọ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ewu náà ló máa kù. Àjà tí wọ́n ń kó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sí nínú ọkọ̀ èrò Herald of Free Enterprise dà bíi tàǹkì fífẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní ògiri kankan. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1987, ó kúrò ní Zeebrugge, ní Bẹ́ljíọ̀mù, láìti ilẹ̀kùn iwájú. Kò tó ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tí omi bo àjà náà tó fi ṣubú, èèyàn 193 sì bá a lọ.

Nítorí náà, iṣẹ́ ìṣirò ni kíkó ẹrù. Kí kéréènì tó gbé ohunkóhun, wọ́n ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tí kọ̀ǹtẹ́nà kọ̀ọ̀kan máa wà: èyí tó wúwo nísàlẹ̀, èyí tó fúyẹ́ lókè, ọ̀tún àti òsì dọ́gba, èyí tó máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí. Bí ọkọ̀ bá fi kéréènì tirẹ̀ gbé ẹrù, gbàrà tí ẹrù náà bá kúrò lórí àjà, ẹnu ọ̀pá kéréènì lókè lọ́hùn-ún ni ìwúwo rẹ̀ wà, bí ẹrù ò tiẹ̀ ga ju ìka kan lọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ti tẹ̀ ní èbúté nítorí èyí.

Wọ́n tún ń fi ọ̀dà kun àmì sí ara ọkọ̀, tó ń fi hàn ibi tí omi gbọ́dọ̀ dé mọ. Samuel Plimsoll ló jà fún un nílé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì títí ó fi di òfin lọ́dún 1876. Ìlà tó wà fún omi ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ga ju ti ìgbà òtútù lọ, torí pé òkun ìgbà òtútù le. Bí ọkọ̀ bá kó ẹrù ní Àpápá lọ sí òkun Yúróòpù nígbà òtútù, ó ní láti ro ìlà ibẹ̀ kó tó kúrò nílé.

Gbogbo ìṣirò yìí dá lórí ohun tí olówó ẹrù bá sọ. Nígbà tí ọkọ̀ MSC Napoli fara gbọgbẹ́ lójú òkun lọ́dún 2007, wọ́n wọn nǹkan bíi 660 kọ̀ǹtẹ́nà tó wà lórí àjà rẹ̀. 137 nínú wọn ló fi ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta yàtọ̀ sí ohun tí ìwé sọ. Láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2016, òfin àgbáyé ní kí wọ́n má ṣe gbé kọ̀ǹtẹ́nà tó kún fún ẹrù wọ ọkọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti fìdí ìwúwo rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó ọjà ránṣẹ́ láti Àpápá, Tin Can tàbí Lẹ́kí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìwúwo ẹrù yín bó ṣe rí gan-an sínú ìwé. Ẹni tó ń ṣírò nínú ọkọ̀ kò lè rí inú kọ̀ǹtẹ́nà yín.