Ilé-ẹ̀kọ́ Àlùfáà àti Iṣẹ́ Ìjọ ní Ìlú Ńlá

Ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní sẹ́mínárì, ni ìjọ Kristẹni ti ń pèsè àwọn tí yóò máa wàásù, tí yóò máa ṣe ìrìbọmi, tí yóò máa so tọkọtaya pọ̀, tí yóò sì máa sin òkú. Ìbàdàn ní ju ẹyọ kan lọ. Ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì jọ dá Immanuel College sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1958, ní Sámọ́ńdà, tí kò jìnnà sí Yunifásítì Ìbàdàn. Kátólíìkì ní Sẹ́mínárì Pétérù òun Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Bódìjà. Ti Onítẹ̀bọmi dàgbà jù wọ́n lọ: 1898 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo wọn ló ń kọ́ni ní Bíbélì dáadáa. Èyí tó nira ni láti kọ́ ènìyàn bí a ti ń ṣe àlùfáà láàárín èrò tí kò mọ ara wọn.

Kì í ṣe ìlú ńlá ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ yìí bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS ti ìjọ Áńgílíkà dá ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown ní 1827, tí Àjàyí Crowther wà lára akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ àti ajíhìnrere tó lè lọ sí ibi tí ara òyìnbó kò gbà ni wọ́n ń wá. Ọ̀nà yẹn náà ni St Andrew's College tó fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́ ní 1896 gbà, òun àti Wesley College tó bẹ̀rẹ̀ ní Elékùró, Ìbàdàn, ní 1905. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní A-B-D láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, òun náà ló ń darí ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìlú tí wọ́n ń rán an lọ ní baálẹ̀, ó ní agboolé. Bí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kátíkíìsì, bá ti mọ baálé mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ gbogbo ìjọ rẹ̀ tán. Bí ẹnì kan kò bá wá sí ìsìn, ilẹ̀ kò ní í ṣú kó tó gbọ́ ìdí.

Ìjọ Èkó tàbí ti Ìbàdàn òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ayálégbé pọ̀ nínú rẹ̀; owó ilé lè lé wọn láti Sùúrùlérè dé Ìkòròdù, kí wọ́n sì ṣì máa wọ ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta wá sí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Wọ́n ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í sì í jẹ́ kí wọ́n tètè wọlé lálẹ́, nítorí náà àlùfáà tó bá fẹ́ ṣe ìbẹ̀wò ilé dé ilé lọ́sàn-án, ilẹ̀kùn títì ni yóò máa kàn. Opó wà níbẹ̀ tí kò ní mọ̀lẹ́bí kan ṣoṣo ní àdúgbò. Òbí àgbà wà tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ti japa lọ sí Kánádà, tó jẹ́ pé ilé àlùfáà ni ará ilé máa kọ́kọ́ sáré lọ bí ìrora bá dé lóru.

Nínú kíláàsì, Májẹ̀mú Láéláé àti Májẹ̀mú Tuntun, Gíríìkì, Hébérù, ìtàn ìjọ àti ẹ̀kọ́ ìwàásù ló ń gba àkókò jù. Òfin Kátólíìkì ti 1983 béèrè fún ọdún mẹ́fà ó kéré tán, méjì fún ìmọ̀ ọgbọ́n orí, mẹ́rin fún ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run. Ẹ̀kọ́ nípa ìsìn Mùsùlùmí àti ìsìn ìbílẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó sì yẹ, torí kò sí àlùfáà ní Ìbàdàn tí kò ní í jókòó ti Mùsùlùmí níbi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú. Bọ́lájí Ìdòwú, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di olórí Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà, ti tẹnu mọ́ ọn láti 1965 nínú ìwé rẹ̀ Towards an Indigenous Church pé ìjọ gbọ́dọ̀ fi èdè àti ìrònú àwọn ènìyàn rẹ̀ sin Ọlọ́run. Síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gba máàkì tó ga nínú ẹ̀kọ́ nípa ìràpadà, kí ó sì máa kólòlò bí ó bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ní ìsìn Yorùbá àárọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ìlú ti ń wọra gan-an ni ìta kíláàsì. Lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n máa ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́dọ̀ àlùfáà àgbà kan: ìdánrawò akọrin, ìsìnkú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ tí àríyànjiyàn owó jẹnẹrétọ̀ lè gbà ní wákàtí méjì. Ilé ìwòsàn àti ọgbà ẹ̀wọ̀n náà jẹ́ ibi ìkọ́ṣẹ́, Ìbàdàn sì ní ilé ìwòsàn UCH àti ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgodi. Láti inú iṣẹ́ tí àlùfáà Anton Boisen bẹ̀rẹ̀ ní 1925 ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Worcester, Amẹ́ríkà, ni ọ̀nà ìkọ́ni kan ti gbilẹ̀ káàkiri ayé. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó ti aláìsàn, yóò padà lọ kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ sílẹ̀ bí ó ti jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì, yóò sì kà á síwájú olùkọ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwé yẹn kì í ṣe ojúsàájú fún ẹnikẹ́ni. Ó máa ń fi hàn pé àdúrà ti bẹ̀rẹ̀ kí aláìsàn tó sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù tán, tàbí pé ẹsẹ Bíbélì ni akẹ́kọ̀ọ́ fi sá fún ìbéèrè tí kò lè dáhùn. Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún wà ńbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ń pè ní Bàbá nítorí kọ́là ọrùn rẹ̀ ní láti mọ bí a ti ń béèrè ọ̀rọ̀ ìdílé lọ́wọ́ ẹni tó bí bàbá rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ òfin ìjọba náà. Àlùfáà kò lè so ènìyàn pọ̀ lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó Nàìjíríà bí ṣọ́ọ̀ṣì kò bá ní ìwé àṣẹ, tàbí bí òun kò bá tíì rí ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ akọ̀wé ìgbéyàwó. Láàárín agogo mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ wáyé, ilẹ̀kùn kò gbọ́dọ̀ tì, ẹlẹ́rìí méjì sì gbọ́dọ̀ wà yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀.

Àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Rìdíìmù, tí Josiah Akíndayọ̀mí dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1952, ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ àti ti òpin ọ̀sẹ̀, láìní kí wọ́n fi iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn sílẹ̀. Enoch Adébóyè tó jẹ olórí rẹ̀ láti 1981 ti jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì. Pásítọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìlú fún un, torí òun náà ń dúró de ọkọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba. Àkókò láti kàwé ni kò ní, ó sì máa ń hàn nínú ìwàásù.

Lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí, ìjọ kọ̀ọ̀kan ní bí ó ti ń fi ọmọ tuntun rẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Áńgílíkà máa ń kọ́kọ́ fi í jẹ díákónì lábẹ́ àlùfáà tó ti pẹ́ níbẹ̀. Kátólíìkì kò gbà kí ó dín ní oṣù mẹ́fà láàárín oyè díákónì àti ti àlùfáà. Mẹ́tọ́díìsì ń ti ọ̀dọ̀ Kọ́ńfáráǹsì rán àlùfáà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì lè jẹ́ pé bí ó bá ti mọ ìlú ni wọ́n á ṣí i nípò. Láàárín Onítẹ̀bọmi, ìjọ fúnra rẹ̀ ló ń pe pásítọ̀ tó bá wù ú, lẹ́yìn tí ó bá ti gbọ́ ìwàásù rẹ̀, tí ó sì ti wádìí ìwà rẹ̀. Bí ìjọ kankan kò bá pè é, ìwé ẹ̀rí nìkan kò lè fún un ní àga ìwàásù.