Ta Ni Yóò Sọ Fún Ọba? Ìrìn Ẹsẹ̀ Ọjọ́ Kan ní Ìlú Stockholm

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rìn díẹ̀ lónìí. Ìlú tí a ó rìn já jìnnà sí wa gidigidi. Stockholm ni orúkọ rẹ̀, olú-ìlú ilẹ̀ Swídìnì, níhà àríwá Yúróòpù. Orí erékùṣù 14 ni ó wà, níbi tí omi adágún ńlá kan tí a ń pè ní Mälaren ti ń tú sínú òkun Baltic. Afárá ni a fi so àwọn erékùṣù náà pọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlẹ́sẹ̀ fi lè rìn láti òwúrọ̀ di alẹ́ láì wọ ọkọ̀ kankan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni mo ṣe ní ọjọ́ kan nínú oṣù June, tèmi ti bàtà àtijọ́ mi àti ẹ̀wù òtútù. Òtútù nínú oṣù June! Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹni tí afẹ́fẹ́ omi náà bá fẹ́ lù yóò gbà mí gbọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti apá tí wọ́n ń pè ní Gamla stan, èyíinì ni Ìlú Àtijọ́. Àwọn ilé ibẹ̀ ga, wọ́n sì fún mọ́ ara wọn bí ènìyàn tí òtútù ń mú. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 90 sẹ̀ǹtímítà lọ níbi tí ó ti há jù. Àtẹ̀gùn 36 sì ni ènìyàn yóò gùn kí ó tó já sókè. Mo dé agbedeméjì nígbà tí mo rí ìyá arúgbó kan tí ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wa ní láti padà; èmi ni mo padà. Orúkọ oníṣòwò kan, Mårten Trotzig, ni a fi pe ọ̀nà náà. Wittenberg ní ilẹ̀ Jámánì ni ó ti wá, ìlú tí ẹnikẹ́ni tí ó ti ka ìtàn Martin Luther mọ̀ dáradára.

Láti ibẹ̀ mo yọ sí Stortorget, gbàgede ńlá ti Ìlú Àtijọ́. Àwọn ilé tí ó yí i ká dára ní wíwò, òmíràn pupa, òmíràn bí àwọ̀ ìyeyè. Àwọn ọmọdé ń ṣeré lẹ́bàá kànga kan. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yóò rò pé ibi ayọ̀ ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1520 Kristian Kejì, ọba Dẹ́nmárkì, gba ìlú yìí, ó sì ṣèlérí pé òun dárí ji gbogbo àwọn tí wọ́n ti bá òun jà. Ní oṣù November a dé e ládé nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Ó pe àwọn ìjòyè àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù sí àsè, wọ́n sì jẹ, wọ́n sì mu fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni a ti ìlẹ̀kùn ààfin mọ́ wọn. Ẹ̀sùn àdámọ̀ ni a fi kàn wọ́n, nítorí wọ́n gbà pé ìlérí tí a ṣe fún aládàámọ̀ kò so ọba lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 8 àti ọjọ́ 9 oṣù náà, a bẹ́ orí wọn ní gbàgede yìí, bí ènìyàn 80 sí 100, bíṣọ́ọ̀bù méjì pẹ̀lú wọn. Gustav Vasa, ẹni tí baba rẹ̀ wà nínú àwọn tí a pa, ni ó kó àwọn ará oko jọ, tí ó lé ọba náà, tí ó sì gorí ìtẹ́ ní 1523.

Ní ẹ̀gbẹ́ kan gbàgede kan náà ni ilé ńlá kan wà, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé Akadẹ́mì Swídìnì ti ń jókòó, àwọn ẹni tí ń yan ẹni tí yóò gba Ẹ̀bùn Nobel fún ìwé kíkọ. Ní oṣù October ọdún 1986, orúkọ tí a kéde níbẹ̀ ni ti Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní Aké. Mo dúró níwájú ilé náà pẹ́ títí. Ọkùnrin tí ìjọba ológun tì mọ́lé láti 1967 títí di 1969 nítorí tí kò pa ẹnu mọ́ nígbà ogun abẹ́lé, ni a pe orúkọ rẹ̀ níhìn-ín.

Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá náà, Storkyrkan, kò jìnnà sí gbàgede. Nínú rẹ̀ ni ère Jọ́ọ̀jì Mímọ́ tí ó ń bá dírágónì jà wà, tí a fi igi óákù gbẹ́, tí a sì ṣí ní 1489. Ìwo ẹranko ìgbẹ́ gidi ni a fi sí dírágónì náà lára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò ó. Èmi ní tèmi, ère tí ó wà lóde, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ni ó gba ọkàn mi. Ti Olaus Petri ni. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Wittenberg nígbà èwe rẹ̀, ó sì padà wá di oníwàásù níhìn-ín àti akọ̀wé ìlú Stockholm. Akọ̀wé àti oníwàásù nínú ènìyàn kan: ẹ kò ní bi mí ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ọwọ́ nínú Májẹ̀mú Titun tí ó jáde ní èdè Swídìnì ní 1526. Ọba Gustav fẹ́ràn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Olaus kọ ìtàn ilẹ̀ wọn, kò sì kọ ọ́ bí ọba ti fẹ́. Ó sì wàásù lòdì sí ìbúra àìmọ́, inú ọba kò sì dùn. Ní 1540 a dá a lẹ́bi ikú, nítorí pé ó gbọ́ ọ̀tẹ̀ kan nígbà tí ẹnìkan ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún un, kò sì tú u síta. Ìbínú dé nítorí ohun tí ó sọ, ẹ̀bi sì dé nítorí ohun tí kò sọ! Owó tí àwọn ará ìlú san ni ó gbà á sílẹ̀.

Ààfin ọba tí ó wà nítòsí ní yàrá ju 600 lọ. Òde rẹ̀ ni mo ti wò ó, ó tó mi. Lórí omi tí ó ń sáré gba iwájú rẹ̀, mo rí àwọn apẹja tí wọ́n ń ju ìwọ̀ ní àárín olú-ìlú. Mo rékọjá afárá lọ sí Hötorget, Ọjà Koríko, níbi tí wọ́n ti ń tà èso àti òdòdó, tí àwọn ọlọ́jà sì ń kígbe polówó gẹ́gẹ́ bí ti ilé. Lókè ọjà náà ni ilé orin aláwọ̀ búlúù wà, níbi tí Ṣóyínká ti gba ẹ̀bùn rẹ̀ lọ́wọ́ ọba Swídìnì ní ọjọ́ 10 oṣù December 1986. Mo fẹ́ ra kọfí àti búrẹ́dì dídùn tí wọ́n fi kínnámónì sí, èyí tí a kà nípa rẹ̀ nínú Ìwé Ẹ́kísódù, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí ń tajà kò gba owó bébà mi. Káàdì nìkan ni. Àlejò kan ni ó bá mi san án, ó sì gba owó náà lọ́wọ́ mi.

Ẹsẹ̀ ti ń dùn mí nígbà tí mo gba etí omi dé erékùṣù Djurgården, níbi tí ọkọ̀ ogun Vasa wà nínú ilé tí a ṣí fún un ní 1990. Inú ilé náà ṣókùnkùn díẹ̀. Bí ojú mi ti ń mọ́lẹ̀ ni mo rí i: odindi ọkọ̀ onígi, tí ó ga sókè bí ilé alájà púpọ̀, tí a gbẹ́ kìnnìún àti àwọn ọba Róòmù sí lára. Ní ẹ̀yìn rẹ̀ mo rí Gídíónì àti àwọn ọmọ-ogun rẹ̀. Gídíónì, tí Olúwa dín àwọn ènìyàn rẹ̀ kù, ni a gbẹ́ sára ọkọ̀ tí a kó ìbọn ńlá 64 sí!

Gustav Adolf Kejì, ọmọ-ọmọ Gustav Vasa, ni ó pàṣẹ pé kí a kàn án. Láti ìgbà ọmọdé mi ni mo ti ń gbọ́ orúkọ ọba yìí gẹ́gẹ́ bí ààbò àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì. Ó ń jagun lókè òkun nígbà náà, ó sì ń kọ̀wé sílé pé kí wọ́n yára. Gbẹ́nàgbẹ́nà ará Hólándì tí ó ń kàn án kú ní 1627 kí iṣẹ́ tó parí. Kí ọkọ̀ tó lọ, a mú 30 ọkùnrin kí wọ́n sáré láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì lórí rẹ̀, kí a lè wò bí ó ti dúró. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n sá a. Ọkọ̀ náà ń yí tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gágun ojú omi, Klas Fleming, fi ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ó rí i. Gbogbo wọn rí i. Síbẹ̀ ọkọ̀ náà lọ.

Èmi náà jókòó lórí àga níbẹ̀, mo sì rántí ohun kan. Ní ọdún kan sẹ́yìn, ìwé ìṣirò òrùlé ilé ìsìn kan kọjá lọ́wọ́ mi láti dà á kọ. Mo rí i pé igi tí a kọ sílẹ̀ kò lè gbé páànù náà. Àgbà tí ó ṣe ìṣirò náà kò fẹ́ràn kí a bi í léèrè. Mo dà á kọ ní ọwọ́ dáradára, mo sì dákẹ́. Ìjì ọdún kejì ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ọjọ́ Ajé ni, kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ti Vasa, ọjọ́ 10 oṣù August 1628. Àwọn ará ìlú dúró sí etí omi láti wò ó. Ìyàwó àti ọmọ wà nínú ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ fẹ́, ọkọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi gba ojú ihò ìbọn ìsàlẹ̀ wọlé, ó sì rì. Bí ènìyàn 30 ni ó kú. A ṣe ìwádìí, a bi olúkúlùkù. Wọ́n ní ọba ni ó fi ọwọ́ sí ìwọ̀n ọkọ̀ náà. A kò jẹ ẹnikẹ́ni níyà.

Nítorí pé iyọ̀ omi Baltic kò pọ̀, kòkòrò tí ń jẹ igi inú òkun kò lè gbé ibẹ̀. Anders Franzén rí ọkọ̀ náà ní 1956, a sì gbé e jáde ní ọjọ́ 24 oṣù April 1961, lẹ́yìn ọdún 333. Wọ́n rí egungun òkú pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ti fún ní orúkọ ọkùnrin, Gustav. Ní 2023, àyẹ̀wò fi hàn pé obìnrin ni, wọ́n sì yí orúkọ náà padà sí Gertrud.

Nígbà tí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, oòrùn wà lókè síbẹ̀. Mo lọ dúró ní etí omi. Ọkọ̀ kékeré kan ń kọjá níhà ibi tí Vasa rì sí, àwọn èrò inú rẹ̀ ń jẹun. Bí 1,300 mítà péré ni ọkọ̀ ọba náà lọ. Èyí tí mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Ọjà Koríko dé ibẹ̀ jù ú lọ. Mo so okùn bàtà mi, mo sì dojú kọ ọ̀nà afárá.